Helios 44-2: Lẹ́ǹsì Àtijọ́ Tí À Ń Rà Nítorí Àléébù Rẹ̀

Bí a bá fi ìwọ̀n nìkan ṣe ìdájọ́, kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó náwó lé Helios 44-2 lórí lónìí. Etí àwòrán rẹ̀ kò mú, ìmọ́lẹ̀ òòrùn tètè máa ń borí rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀, kò sì ní ohunkóhun tó so ó pọ̀ mọ́ kámẹ́rà òde òní débi tí kámẹ́rà náà yóò fi mọ̀ pé lẹ́ǹsì wà lára òun. Lẹ́ǹsì tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lọ́jà, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, yóò borí rẹ̀ nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Síbẹ̀, nínú àwọn lẹ́ǹsì tó wà nínú àpò mi, òun ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ sí nígbà tí ẹnìkan bá ní kí n ya òun lábẹ́ igi. Ẹni tí mo ń kọ àyẹ̀wò yìí sí ni ẹni tó ń rò ó bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti ra irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí a kò rà nítorí pé ó dára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí kò ṣe nítorí pé àwòrán rẹ̀ kò jọ tiwọn. Ní tèmi, ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo iṣẹ́, kì í sì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí ènìyàn ní.

Lẹ́ǹsì mílímítà 58 ni Helios 44-2, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ sì ṣí dé f/2, ó sì lè sé dé f/16. Dígí mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Ìṣètò dígí yìí kò ti Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀. Jámánì ló ti wá. Willy Merté, tó ń ṣiṣẹ́ fún Carl Zeiss ní ìlú Jena, ló gbé ìdílé lẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Biotar kalẹ̀, Biotar mílímítà 58 sì ti wà lọ́jà ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí Jena bọ́ sábẹ́ àkóso ìjọba Soviet, wọ́n kó ẹ̀rọ, àwòrán iṣẹ́ àti ìmọ̀ kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Ilé-iṣẹ́ KMZ ní Krasnogorsk, nítòsí Mọ́sìkò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942, tún ìṣírò Biotar ṣe kí ó lè bá irú dígí tí àwọn fúnra wọn ń yọ́ mu, nígbà tó sì di 1958, lẹ́ǹsì náà jáde pẹ̀lú kámẹ́rà Start lábẹ́ orúkọ Helios-44. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà Zenit ló sọ ọ́ di ohun tó kún ayé. Láti 1965 títí di 1982 ni KMZ fi ṣe Zenit-E, ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ sì ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí òkè òkun pẹ̀lú Helios 44-2 lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n: lẹ́ǹsì ará ìlú ni, wọ́n ṣe é fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ya àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kì í ṣe fún olówó.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá lára rẹ̀ ni ẹ̀yìn àwòrán tó ń pòòyì. Bí a bá ya ènìyàn pẹ̀lú ihò tó ṣí dé f/2, tí ewé igi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé náà kò ní kàn di bàìbàì lásán. Yóò dà bí ìgbà tí ààjà ń jà yí ẹni náà ká, tí òun nìkan sì dúró ṣinṣin láàárín rẹ̀. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Nígbà tí a bá wo ihò lẹ́ǹsì láti iwájú gan-an, róbótó ni a ó rí i, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, etí dígí iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò ti gé lára rẹ̀, ohun tó kù yóò sì gùn gbọọrọ, ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Báyìí ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ náà ṣe ń rí i. Nítorí náà, gbogbo àmì ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí àárín àwòrán yóò ṣe róbótó, àwọn tó bọ́ sí etí yóò sì gùn, gbogbo wọn yóò sì tò yí àárín po. Ojú wa ló ń ka ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn sí ìyípo. Sí èyí ni kí a fi kún un pé ibi tí lẹ́ǹsì náà ti ń mú àwòrán kò tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó tẹ̀ kọrọdọ, èyí tó túbọ̀ ń da etí àwòrán rú. Àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì lónìí ka nǹkan méjèèjì yìí sí àṣìṣe tó yẹ kí a fi dígí púpọ̀ sí i àti ìṣírò kọ̀ǹpútà lé lọ, wọ́n sì ti lé e lọ lóòótọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Helios ni kò rí ìyípo yìí, tí wọ́n á sì máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Kì í jáde bí a kò bá pèsè àyè sílẹ̀ fún un. Ẹni tí a ń yà gbọ́dọ̀ sún mọ́ wa, bíi mítà kan àbọ̀ sí méjì. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀, bíi mítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Ohun ẹ̀yìn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní ojú ìmọ́lẹ̀ kéékèèké púpọ̀, irú èyí tí a ń rí nígbà tí òòrùn bá ń yọ láàárín ewé. Igi máńgòrò tó dàgbà, tó sì ní ewé púpọ̀, dára fún un gan-an, ọgbà Agòdì ní Ìbàdàn sì kún fún irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ògiri tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kan ṣoṣo kò ní fi ohunkóhun hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ àdìrẹ tí a ta mọ́ ẹ̀yìn ẹni náà gbágbáágbá, bí ó ti wù kí iṣẹ́ ara rẹ̀ pọ̀ tó. Bí a bá sì sé ihò náà dé f/4, àwọn àmì etí yóò padà di róbótó, ààjà yóò sì rọlẹ̀. Lẹ́ǹsì méjì ló wà nínú ọ̀kan, bí a bá rò ó dáadáa: ọ̀kan fún f/2 sí f/2.8, èkejì fún f/5.6 lọ sókè, èyí tó mú dáadáa, tó sì jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n tí kò sí ìdí láti wá a dé ilẹ̀ Soviet.

Irú kámẹ́rà tí a gbé e sí tún ṣe pàtàkì. Etí ni ìyípo wà, kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán) kéré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, sì máa ń gé etí yẹn sọnù. Lẹ́ǹsì náà yóò wá máa hùwà bíi ti mílímítà 87, èyí tó dára fún ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ. Àdápítà, ìyẹn òrùka tó ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀, kan wà tó ní dígí nínú, tó ń fún àwòrán náà jọ kí sẹ́ńsọ̀ kékeré lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà full frame, ìyẹn èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù, ni Helios yìí bá lára mu jù lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo àwòrán Helios ló rọ̀ bí ojú àlá, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àárín àwòrán mú dáadáa kódà ní f/2, débi pé irun ojú àti ilà ojú hàn ketekete. Ohun tó kéré sí ti lẹ́ǹsì tuntun ni ìyàtọ̀ láàárín ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀. Oògùn tí wọ́n kùn sí ojú dígí 44-2 láti dín ìdápadà ìmọ́lẹ̀ kù jẹ́ ẹyọ kan péré, nígbà tó jẹ́ pé ìpele púpọ̀ ni wọ́n ń kùn sí ti òde òní. Ìmọ́lẹ̀ wá ń ta síwá sẹ́yìn láàárín àwọn dígí, ó ń tàn díẹ̀díẹ̀ sórí gbogbo àwòrán, dúdú kò sì ní dúdú tán. Lára ènìyàn dúdú, èyí máa ń fún awọ ara ní ìrọ̀rùn kan tí mo fẹ́ràn, nítorí pé òjìji abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ imú kì í ki jù. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ, kì í ṣe pé Helios rí ohun tí lẹ́ǹsì tuntun kò rí; ṣe ló da ìmọ́lẹ̀ aláìníṣẹ́ sórí òjìji. Ṣùgbọ́n ojú kò bìkítà nípa ibi tí ìrọ̀rùn náà ti wá.

Ìwà kan náà yìí ni yóò dà ọ́ láàmú bí òòrùn bá dojú kọ ọ́. Lọ́sàn-án gangan, tí ojú ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn ẹni tí à ń yà, àwòrán lè ṣá pátápátá bí ẹni pé a fi kùrukùru bò ó. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku ti dín àwọ̀ ohun gbogbo kù tẹ́lẹ̀, Helios yóò tún dín in kù sí i, iṣẹ́ tí a óò ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti dá àwọ̀ padà yóò sì pọ̀. Ìbòrí lẹ́ǹsì, ì báà jẹ́ ti rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tó wọ ẹnu mílímítà 49, ń ṣe ìrànlọ́wọ́ tó ju bí ènìyàn ti rò lọ. Bí òòrùn bá rọlẹ̀ tán, tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ láàárín igi, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta yìí kan náà yóò di aláwọ̀ ìyeyè, yóò sì bo ejìká ẹni náà lọ́nà tí lẹ́ǹsì olówó ńlá kò lè gbà ṣe é, nítorí pé wọ́n ti san owó púpọ̀ láti rí i dájú pé kò ní ṣẹlẹ̀.

Kí a fi í wé ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ǹsì tí mo bọ̀wọ̀ fún. Sigma Art mílímítà 50 f/1.4, tó jáde ní 2014, ní dígí mẹ́tàlá, ó sì wúwo tó gíráàmù 815. Helios kò ju bíi gíráàmù 230 lọ. Sigma mú láti àárín dé etí, ìmọ́lẹ̀ kì í dà á láàmú, ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ sì máa ń dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn. Bí mo bá ń ya ìgbéyàwó tí mo gbọ́dọ̀ fi àwòrán jíṣẹ́, irú rẹ̀ ni mo ń gbé. Ṣùgbọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Sony, ti Canon àti ti Nikon tó wà ní ipò kan náà, kí o pa orúkọ wọn mọ́, kí o sì sọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àfi ẹni tó ń fi ojú wá àléébù ló lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Gbogbo wọn ń sáré lọ síbi kan náà, ìyẹn àwòrán tí kò ní àbùkù, bí wọ́n sì ti ń sún mọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń jọ ara wọn sí i. Ayàwòrán tó bá fẹ́ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kọ orúkọ sí i kò lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀, ibi tó dúró àti ẹni tó yà nìkan ló kù fún un láti fi yàtọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè ṣe gbogbo èyí. Fóònù lè sọ ẹ̀yìn di bàìbàì lóòótọ́, àwọn ètò kan sì wà tó lè yí i po. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìṣirò ni fóònù fi ń mọ ibi tí ènìyàn parí sí àti ibi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń ṣìnà ní etí gèlè, ní irun tó dúró wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ àti láàárín ìka ọwọ́. Helios kò ṣírò ohunkóhun. Bí ohun kan bá ti jìnnà sí ibi tí fókọ́ọ̀sì wà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti yí tó, ìyípadà náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó imú dé etí dé èjìká dé igi ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí èyí, mo ń rí i nínú kámẹ́rà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo lè sún ẹsẹ̀ kan sí òsì kí àmì ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ kúrò lẹ́yìn orí ẹni náà. Ohun tí a fi kún un nílé kò lè yí ibi tí a dúró sí padà.

Lílò rẹ̀ gba sùúrù, ẹni tí kò bá ní in yóò jìyà. M42 ni ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé ṣe ni a ń yí i wọlé bí ọmọrí ìgò, nítorí náà àdápítà ṣe pàtàkì. Àwọn kámẹ́rà tó ń lo ìdè Sony E, Canon RF, Nikon Z àti Fujifilm X ni gbogbo wọn ní àdápítà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní dígí nínú. Àwọn kámẹ́rà Canon àtijọ́ tó ń lo ìdè EF náà lè gbà á, àmọ́ nínú àwọn full frame wọn kan, dígí tó ń gbéra sókè nínú kámẹ́rà lè kọ lu ẹ̀yìn lẹ́ǹsì. Nikon àtijọ́ tó ní irú dígí tó ń gbéra sókè bẹ́ẹ̀ ni kí a jìnnà sí: àyè láàárín ìdè rẹ̀ àti fíìmù jẹ́ mílímítà 46.5, nígbà tí ti M42 jẹ́ 45.46, ìyàtọ̀ kékeré yìí sì tó láti mú kí lẹ́ǹsì náà má lè rí ohun tó jìnnà kedere mọ́. Bí àdápítà bá ti wà, ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà kí ẹ jẹ́ kó gbà láti ya àwòrán nígbà tí kò bá rí lẹ́ǹsì, kí ẹ sì sọ fún un pé mílímítà 58 ni, kí ohun tó ń dá ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ dúró lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Òrùka méjì ló ń darí ihò ìmọ́lẹ̀, èyí sì máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lẹ́nu. Ọ̀kan ni a fi ń yan ibi tí ihò kò gbọdọ̀ kọjá, òun ló ń dún tà-tà-tà. Èkejì kò dún, ó kàn ń ṣí, ó sì ń sé láàárín f/2 àti ibi tí a yàn náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ojú kámẹ́rà Zenit máa ń ṣókùnkùn bí a bá sé ihò, nítorí náà ayàwòrán yóò ṣí i láti wá fókọ́ọ̀sì, yóò sì fi ọwọ́ sé e láìwò ó kó tó tẹ kámẹ́rà. Lónìí tí kámẹ́rà ti ń mú kí ojú ìwòye mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí kò wúlò fún fọ́tò mọ́, ṣùgbọ́n fún àwọn tó ń ya fídíò, òrùka tí kò dún yìí jẹ́ ẹ̀bùn: a lè yí ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ láàárín ìran láìsí ariwo àti láìsí fífò. Fókọ́ọ̀sì náà gùn, ó sì dẹ̀ lọ́wọ́, ibi tó sì lè súnmọ́ jù lọ jẹ́ ìdajì mítà. Mo máa ń mú kí kámẹ́rà fẹ ojú ẹni náà tóbi nínú ojú ìwòye kí n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ní f/2, bí ẹni náà bá mí sínú, ojú lè ti kúrò níbi tó ti mú. Ọmọdé tó ń sáré kì í ṣe ti lẹ́ǹsì yìí.

Òde àríyá náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní gbọ̀ngàn tí iná aláràbarà ń tàn káàkiri, tí ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá jó, tí àwọn ènìyàn sì ń ná owó, kò sí àyè láti fi ọwọ́ wá fókọ́ọ̀sì, oníbàárà tó bá sì rí gbọ̀ngàn tó fi owó ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó ń yí gbiri lẹ́yìn òun kò ní pè é ní ẹwà. Àṣà fọ́tò wa fúnra rẹ̀ kò sún mọ́ Helios. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, ṣàkíyèsí bí àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó kó kọjú sí kámẹ́rà gbọnin, pẹ̀lú aṣọ tó dára jù lọ lára rẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ láti fìlà dé bàtà yóò sì hàn. Ìwà àti ipò ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń sọ, ohun tó bá sì ń sọ ipò kò gbọdọ̀ ṣú. Bí bàbá kan bá jókòó nínú agbádá aṣọ òkè rẹ̀, ọwọ́ agbádá yóò kan etí àwòrán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni Helios ti ń dàrú ní f/2. Fún un, ẹ sé ihò dé f/8 tàbí kí ẹ gbé lẹ́ǹsì mìíràn.

Ibi tí ó ti ń san owó rẹ̀ padà ni àwòrán orí dé àyà, ẹnì kan ṣoṣo, níta, nígbà tí kò sí ẹni tó ń kánjú. Ẹ fi ojú ẹni náà sí àárín tàbí kí ó súnmọ́ àárín, nítorí pé bí ojú bá bọ́ sí ìdámẹ́ta àwòrán bí wọ́n ti ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, ó ti ń wọ ibi tí kò mú nìyẹn. Gèlè dára lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Bí fókọ́ọ̀sì bá wà lójú, ìdi iwájú gèlè yóò mú, àwọn ìdi tó lọ sẹ́yìn yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ewé tó ń yí lẹ́yìn yóò sì tẹ̀ lé ìtẹ̀sí gèlè náà. Àwọn oníbàárà mi tó fẹ́ràn irú rẹ̀ jẹ́ olórin, òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń tà aṣọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n fẹ́ àwòrán kan tí ènìyàn yóò dúró wò, kì í ṣe àwọn tó fẹ́ àkọsílẹ̀ ọjọ́. Mo máa ń fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n kí a tó ṣe àdéhùn. Ayàwòrán kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ ara rẹ̀ ná owó ẹlòmíràn láìsọ.

Ẹ̀yà Helios 44 pọ̀, àwọn tó ń tà á sì ń fi orúkọ wọn kó ènìyàn lójú. Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, 44-2, ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ewé irin mẹ́jọ ló ń sé ihò rẹ̀, kò sì ní pín-ìnnì (irin kékeré tó yọ síta) kankan lẹ́yìn, nítorí náà kò sí àdápítà M42 tí kò bá a ṣiṣẹ́. Àwọn 44M tó tẹ̀ lé e ní pín-ìnnì tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ihò tó sé, bí àdápítà kò bá sì ní ètè tó ń tẹ̀ ẹ́, f/2 ni ẹ ó wà títí ayé nínú àwọn kan lára wọn. Láti 44M-4 dé 44M-7, nọ́ńbà tó ń gòkè yẹn ń tọ́ka sí bí lẹ́ǹsì náà ṣe mú tó nígbà tí wọ́n dán an wò nílé-iṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ MC sí sì ní oògùn ìpele púpọ̀ lójú dígí. 44M-7 ni àwọn tó ń kó lẹ́ǹsì àtijọ́ jọ ń san owó púpọ̀ lé lórí. Kò yé mi rárá. Ẹni tó bá ń wá lẹ́ǹsì tó mú, tí ìmọ́lẹ̀ kì í sì í dà láàmú, lẹ́ǹsì Japan òde òní wà fún un. Kí ni ìdí tí a ó fi san owó sí i kí Helios lè dín kù ní Helios?

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe é. Àmì dígí onígun tí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá ni ti KMZ; Jupiter ní Valdai àti ilé-iṣẹ́ ìlú Minsk náà ṣe tiwọn. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lára nọ́ńbà ìdánimọ̀ sábà máa ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwọn kan ń jiyàn pé ti KMZ dára jù, ṣùgbọ́n láàárín lẹ́ǹsì méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà, ìyàtọ̀ lè pọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lọ, ipò tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ wà sì ni ohun pàtàkì.

Bí ìyípo kò bá jẹ́ ohun tí ọkàn rẹ fẹ́, ìwà mìíràn wà lọ́jà tòkunbọ̀. Trioplan mílímítà 100 láti ilé-iṣẹ́ Meyer-Optik ń sọ àmì ìmọ́lẹ̀ di róbótó tí etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju inú lọ, bíi ìfóòfó ọṣẹ, àmọ́ owó rẹ̀ ti lọ sókè gan-an. Super-Takumar mílímítà 50 f/1.4 ti Pentax, nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan, ní dígí tí wọ́n po thorium, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde, mọ́, èyí tó máa ń pọ́n bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, tó sì ń fún àwòrán ní àwọ̀ oyin. Ilé-iṣẹ́ Lomography sì tún gbé ìṣètò lẹ́ǹsì tí Joseph Petzval ṣe ní 1840 jáde ní 2013, pẹ̀lú ìyípo tó lágbára ju ti Helios lọ. Ó lágbára jù lójú tèmi: ènìyàn yóò rí lẹ́ǹsì kó tó rí ẹni tí a yà.

Lórí eBay, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta Helios 44-2 wà ní Ukraine, iye rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín dọ́là 40 sí 100, kí a tó fi owó ìfiránṣẹ́ kún un. Iye yẹn ló mú kí n lè dá a láre, nítorí pé owó kékeré ló bójú mu láti fi ra ohun tí a kò ní máa lò lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá ń bèèrè ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kò pọ̀. Gíríìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà máa ń gbẹ, fókọ́ọ̀sì yóò sì le bí ìdè irin. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú lè fi gíríìsì tuntun sí i, lẹ́ǹsì yìí sì wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti tú. Òróró lórí ewé ihò kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí pé ọwọ́ la fi ń sé e. Eléwu ni kí inú dígí ti bu. Ní ojú ọjọ́ wa tó ní ọ̀rinrin, bíbu yẹn yóò tàn, ó sì lè jẹ oògùn ojú dígí tán, nítorí náà inú àpótí tó sé pa pẹ̀lú àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin ni kí ó máa wà nígbà tí a kò bá lò ó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kó ṣí ihò dé f/2, kó sì ya ohun tó hàn ránṣẹ́ sí yín. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá rí okùn funfun tó ń rìn láti etí dígí wọ àárín, tàbí tí ẹni náà bá kọ̀ láti ya á, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Helios pọ̀ nílẹ̀.